Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìyá Dá Gbé

Ọ̀rọ̀ ìlera orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, àti agbègbè rẹ̀, nínú oṣù Sẹ́tẹ́ńbà

(Ìlù ìfáàrà. Kó máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀.)

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti pàtẹ ní ọjà Bódìjà, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ máíkírà, tẹ́ ẹ ń ti Agbowó lọ sí Sẹkitéríàtì, ẹ kú ìrìn, àlọ yín á lọ ire. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì jókòó ti ìyá àgbà nínú ilé láàárọ̀ yìí, tẹ́ ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mu ẹ̀kọ, tẹ́ ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wẹ̀ wọ́n, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ fa rédíò sún mọ́ra. Ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn tí mo fi wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí.

Oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kárí ayé fún ọ̀rọ̀ àrùn Alzheimer, ọjọ́ kọkànlélógún rẹ̀ sì ni àyájọ́ náà. Ní Bódìjà tiwa níbí, a kì í sábà gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ará ọjà. Ohun tí à ń gbọ́ ni pé "Ìyá ti ń ṣarán," tàbí "Iyè wọn ti ra," tàbí "Ogbó ló dé." Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó burú ju ìwọ̀nyí lọ là ń gbọ́. Màá dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìyá kan. N kò sọ ẹnìkan pàtó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ ní àdúgbò yìí yóò mọ irú ìyá tí mò ń sọ. Ká máa pè wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n ìṣirò owó kì í ṣì wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n jẹ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò já láti Ṣakí. Owó èlùbọ́ ni ọmọ mẹ́rin fi jáde ní yunifásítì. Méjì wà ní London, ọ̀kan wà ní Kánádà, àkọ́bí wọn obìnrin ń gbé ní Chálẹ́ńjì, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ wá kọ́lé fún Ìyá ní Bódìjà Tuntun, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu géètì, wọ́n ní kí Ìyá fi ọjà sílẹ̀, kí wọ́n wáá sinmi.

Ìyá sinmi lóòótọ́. Kò pẹ́ sí i ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tún bù ú, wọ́n á tún bù ú. Ọmọ wọn á wá kí wọn, wọ́n á bi í pé, "Ìgbà wo lo dé?" Ọmọ á dáhùn, kó tó jókòó, wọ́n á tún bi í. Ṣéènì wúrà wọn sọnù, wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló jí i. Inú garawa ìrẹsì ni wọ́n ti padà rí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé lọ dáná fún Bàbá, Bàbá tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó rí wọn ní Sáńgò, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ wọn.

Mọ̀lẹ́bí pé jọ. Ẹnìkan ní arán ni, pé kò sẹ́ni tó máa gbó tí kò ní ṣarán. Ẹnìkejì ní ayé ló ṣe wọ́n. Ẹnìkẹta rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lóru ni? Ìyá ń jẹ́wọ́ ni." Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé Ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣèpàdé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó ń ṣe Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kì í ṣe ogbó lásán. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe àjẹ́. Àìsàn ni. Bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣàìsàn, bí kíndìnrín ṣe ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ ń ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ ló gbó tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí iyè wọn ṣì jí pépé. Bí ogbó bá jẹ́ ìdí àrùn yìí tán, kò yẹ kó ku ẹnìkan sílẹ̀ nínú àgbà.

Nínú ọpọlọ ẹni tó ní àrùn Alzheimer, èròjà méjì kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe a máa ṣù jọ. Ọ̀kan á dì sí àárín àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú ọpọlọ bí èérí ṣe ń dì mọ́ ìdí ìkòkò. Èkejì á lọ́ mọ́ra nínú wọn bí òwú tó ta kókó. Níbi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, àwọn ẹ̀yà náà kò ní lè jíṣẹ́ fún ara wọn mọ́, wọ́n á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọpọlọ ń kó ohun tuntun pa mọ́ sí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyí tí Ìyá fi lè sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn fún yín, tí wọn kò sì ní rántí pé àwọn jẹun láàárọ̀. Wọn kò díbọ́n. Ọ̀rọ̀ tòní kò rí ibi tó máa sùn sí ni.

Obìnrin gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n tara rẹ̀ mọ àrùn yìí. Auguste Deter lorúkọ rẹ̀, ará Jámánì. Ní 1901, wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ní ìlú Frankfurt. Ẹni ọdún 51 péré ni nígbà náà. Ó ń gbàgbé nǹkan, ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, ó ń fi nǹkan ilé pa mọ́ káàkiri. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, dókítà yìí yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí àwọn ohun tó ṣù jọ tí mo sọ yẹn. Bí orúkọ dókítà náà ṣe di orúkọ àrùn nìyẹn.

Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó ní àrùn iyè ríra, ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó gbà ń wá, lé ní mílíọ̀nù 55 lórílẹ̀ ayé. Nínú mẹ́wàá wọn, mẹ́fà sí méje ló jẹ́ ti Alzheimer. Irú mìíràn wà tó ń tẹ̀yìn rọpárọsẹ̀ yọ, pàápàá àwọn rọpárọsẹ̀ kéékèèké tí kò dá èèyàn dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń gé ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá kan nínú ọpọlọ lọ́tùn-ún lósì.

(Ìlù díẹ̀.)

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ báyìí ni pé ìlú Ìbàdàn wà lára ibi tí ayé ti kọ́gbọ́n nípa àrùn yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba Òṣúntókun Avenue kọjá ní Bódìjà. Bẹ́ ẹ bá tún gbabẹ̀, ẹ rántí ẹni kan tó jẹ́ orúkọ ìdílé yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí Èkìtì, onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan ní UCH. Àwọn ló ṣàlàyé fún ayé bí ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe jinná dáadáa ṣe lè ba iṣan ẹsẹ̀ àti ojú jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè wọn ni pé: àwọn àgbà Yorùbá tó wà nílé, àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó baba ńlá wọn lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́rú, àwọn wo ni àrùn yìí ń mú jù, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ìlú Indianapolis ni wọ́n ti ṣe é lọ́hùn-ún. Ní tiwa, àdúgbò Ìdíkàn ni, láàárín ìgboro Ìbàdàn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà náà kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n wá fi ìtàn ìlú ka ọjọ́ orí wọn, wọ́n lo àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí Ajayi àti Igun ti ṣe ní 1963: irú ìbéèrè bíi, ṣé wọ́n ti bí yín nígbà tí rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901? Báwo lẹ ṣe tó nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929? Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, nítorí náà wọn kò fi ìwé dán wọn wò. Ohun tí wọ́n mọ̀ nínú ayé tiwọn ni wọ́n bi wọ́n, wọ́n sì tún bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé tó ń bá wọn gbé pé: ṣé Ìyá ṣì ń ṣe iṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Èyí kọ́ wa pé àìkàwé kì í ṣe àìní ọpọlọ, àti pé ará ilé ni ẹlẹ́rìí tó dára jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣúntókun kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gùrèjé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Bàíyéwù, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ní 2001, àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà. Àgbà 2,459 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis, fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nínú ẹgbẹ̀rún kan àgbà ní Ìbàdàn, nǹkan bí 13 tàbí 14 ni iyè wọn ń ra lọ́dún kan. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Bí a bá mú Alzheimer nìkan, ó lé díẹ̀ ní 11 lọ́dọ̀ tiwa. Ó jẹ́ 25 lọ́dọ̀ tiwọn. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín àwọn tí orísun wọn tan mọ́ra.

Inú wa lè dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa yẹ inú àwọn ará Ìbàdàn nìkan wò, ohun méjì yọ tí kò yẹ kó jẹ́ ká sùn. Èkíní: lẹ́yìn ọjọ́ orí, ohun tó tún hàn pé ó ń mú kí ewu àrùn yìí pọ̀ ni kí èèyàn jẹ́ obìnrin. Èkejì: àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ẹlòmíràn kò sí nínú ewu tó bí àwọn tó ń dá gbé. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gùrèjé sì ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbà ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, ohun kan náà ló jáde: àwọn obìnrin, àti àwọn tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣe mọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ń kàn jù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin? Ara ìdí rẹ̀ ni pé obìnrin ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ, àrùn yìí sì ń bá ọjọ́ orí rìn. Ìdí mìíràn ni pé nígbà tí àwọn ìyá wa wà ní kékeré, ọkùnrin ni wọ́n ń rán níwèé, wọ́n á ní ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Ẹ̀kọ́ ìwé sì wà lára ohun tó ń fún ọpọlọ lágbára de ọjọ́ iwájú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ara. Bí nǹkan oṣù bá dúró, omi ara kan tó ń ran ọpọlọ obìnrin lọ́wọ́ a máa dín kù gidigidi, àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ ipa rẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra títí ọjọ́ alẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè padà wá. Paríparí rẹ̀ ni opó. Ìyá ló máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn bàbá, tí yóò wáá dá jókòó sínú ilé.

Ọ̀rọ̀ dídá jókòó yìí gan-an ló gbé mi wá síbí. Ẹ ronú nípa agbo ilé kan ní Ìdíkàn nígbà náà. Ìyá àgbà jí, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni mẹ́wàá kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbọ́dọ̀ rántí orúkọ ẹni mẹ́wàá. Wọ́n gbé ọmọ fún un kó gbé e mọ́ra. Àwọn méjì ń jà, wọ́n ní kó wáá dá a. Ẹnìkan ń sọmọ lórúkọ, wọ́n ní kó wáá ki oríkì. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọpọlọ ìyá náà kò jókòó. Wàyí o, ẹ wá wo Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní Bódìjà. Ilé tiwọn ga, ó mọ́, ó ní borehole, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń tẹ fóònù. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀, kò sì bi Ìyá ní ìbéèrè kankan. Ọmọ London pè ní Sátidé, ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé.

N kò sọ pé ilé ńlá ló ń fa Alzheimer. N kò sì sọ pé agbo ilé kò ní wàhálà tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣèwádìí ní Ìdíkàn, oúnjẹ yàtọ̀, ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń rìn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ lára wọn bíi ti Indianapolis. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló pa pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń sọ pé ohun tó ṣe é ṣe kó dáàbò bo àwọn ìyá Ìdíkàn, àwa ti ń fi ọwọ́ ara wa tú u ká ní Bódìjà. A rò pé ìsinmi la fún Ìyá. Àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ la fún wọn. Ìyá tó fi ogójì ọdún ná ọjà kò gbọ́dọ̀ jókòó kó máa wo ògiri. Bí wọn kò bá lè ta àpò èlùbọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sí ẹgbẹ́, sí àsàlátù, sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ẹ kó ọmọ ọmọ wá bá wọn. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti lé lógójì, ọ̀rọ̀ kan yín báyìí, nítorí àrùn yìí ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn síta. Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kó jọ sọ pé bí a bá lè kápá ohun mẹ́rìnlá kan, nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn iyè ríra lè má ṣẹlẹ̀, tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i ní Ìbàdàn níbí pé àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ni iyè wọn ń ra jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kígbe. Ẹ má dúró kórí fọ́ yín kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dókítà bá sì fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yá.

Ẹ yẹ ṣúgà ara wò pẹ̀lú. Ẹ máa rìn: láti ilé dé ọjà, ẹ fi máíkírà sílẹ̀ nígbà mìíràn. Bí etí bá ń di, ẹ wá ìtọ́jú, nítorí ẹni tí kò gbọ́ràn yóò yà kúrò láwùjọ, ọpọlọ rẹ̀ yóò sì máa sùn. Bí ojú bá ń ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ yín wò. Ẹ sá fún èéfín igi ìdáná àti ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ dé akoto bẹ́ ẹ bá gun ọ̀kadà, nítorí bí orí bá fara gbá, ọpọlọ ń rántí rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, àìsàn ni, ẹ má fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ sì rán ọmọbìnrin yín níwèé. Ọpọlọ tí yóò lò ní ọgọ́rin ọdún lẹ ń fún lóúnjẹ yẹn.

(Ìlù díẹ̀.)

Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n bó bá ń bọ̀? Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn. Ẹni tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó wá a títí tó rí i, kò ní nǹkan tó ń ṣe é. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí à ń fi í ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bí ìyá tó mọ ọbẹ̀ sè kò bá mọ ohun tó kàn mọ́ nídìí ààrò. Bí wọ́n bá sọnù lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn láti ọgbọ̀n ọdún. Bí wọn kò bá mọ owó ṣírò mọ́. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀sùn olè kan ará ilé lemọ́lemọ́. Bí ìwà wọn bá yí padà tí ẹni jẹ́jẹ́ di oníjà: ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má sọ pé "Ṣebí kò lóògùn." Lákọ̀ọ́kọ́, ó lè má jẹ́ Alzheimer rárá. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, ìṣòro ọ̀fun tí dókítà ń pè ní thyroid, àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀jẹ̀ tó dì sórí lẹ́yìn tí Ìyá ṣubú, àti oògùn púpọ̀ tí wọ́n lò pa pọ̀, gbogbo wọn ló lè da iyè àgbà rú, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú. Lẹ́ẹ̀kejì, bó bá jẹ́ Alzheimer, lóòótọ́ kò tíì sí ohun tó ń wò ó sàn pátápátá, ẹni tó bá sì ta àgbo fún yín pé ó ń wò ó sàn ń jẹ yín lówó ni. Ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń ran ìrántí lọ́wọ́ fún àkókò kan, ìmọ̀ràn sì wà tí yóò mú ìtọ́jú rọrùn nínú ilé. Láti Bódìjà, ẹ gba Sẹkitéríàtì, ẹ já sí Total Garden, ẹ ti dé UCH. Láti 2012 ni ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní Chief Tony Anenih Geriatric Centre ti wà nínú ọgbà náà. Àgbà nìkan ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Nínú ilé, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí Ìyá bá ní àwọn ń lọ dáná fún Bàbá, ẹ má sọ fún wọn pé Bàbá ti kú. Bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀fọ̀ ló máa rí lára wọn, lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, kí ni Bàbá fẹ́ràn láti máa jẹ?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ara wọn á balẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára aṣọ wọn tàbí sí ẹ̀gbà ọwọ́ wọn. Ẹ tan iná sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lóru. Ẹ sì máa kì wọ́n ní oríkì wọn. Mo ti rí ìyá tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tó gbé orí sókè, tó ń mi orí, tó ń gba oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kì lẹ́nu akígbe.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tó burú yẹn. Àwọn ìyá kan wà ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ti nà, tí wọ́n ti tì mọ́lé, tí wọ́n ti lé jáde, nítorí pé iyè wọn ra, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí kò ṣe déédéé, tí àwọn èèyàn wá ní wọ́n ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ẹni tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀, bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á?" ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ Gbọ̀ngàn Màpó?" ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú. Ìrànrán kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìmáàmù, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá gbé irú ìyá bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ gbàdúrà fún wọn, kẹ́ ẹ sì darí wọn sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè sí aláìsàn ti jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Ọlọ́run àti lọ́dọ̀ òfin.

Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ọmọ wo? Nínú mọ̀lẹ́bí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, àkọ́bí obìnrin tó ń gbé ní Chálẹ́ńjì ni gbogbo ojú yí sí. Òun ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ni yóò máa jí lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ fi ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn iyè ríra, 70 jẹ́ ti obìnrin. Bí àrùn yìí ṣe ń ja obìnrin lólè ọpọlọ nìyẹn, tó sì ń ja obìnrin mìíràn lólè oorun. Ẹni tí kò sùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí kò rí ọ̀rẹ́ mọ́, òun náà ti ń rìn lọ sójú ọ̀nà kan náà. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ìyá yín ni. Ẹ wá sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n yín lè lọ sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, owó tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ dára, Ọlọ́run á bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ máa pe Ìyá lójoojúmọ́, kí wọ́n rí ojú yín lórí fóònù, bí wọn kò tilẹ̀ rántí pé ẹ pè lánàá. Wọn kò ní rántí ìpè náà, ṣùgbọ́n ìdùnnú rẹ̀ á wà lára wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ rán yín kí oòrùn òní tó wọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń dá gbé ní àdúgbò yín, ẹ jókòó ti wọn fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n pìtàn fún yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣègùn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá náà, kí wọ́n sì wọn tiyín pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá sì rí ìyá tí iyè rẹ̀ ń ra, ẹ má pe ìpàdé mọ̀lẹ́bí kẹ́ ẹ tó pe dókítà. Àwọn ìyá wọ̀nyí ló rántí ọjọ́ tí wọ́n bí wa, nígbà tí àwa kò mọ nǹkan kan. Ó ti kàn wá báyìí láti bá wọn rántí. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá dá gbé.